Jimoh Awayanrìn àti Ọkọ̀ Tó Ń Mí Lábẹ́ Omi

Bí ẹ bá bi Jimoh ní ọ̀rọ̀, kó tó dá yín lóhùn, òun náà á kọ́kọ́ bi yín ní tirẹ̀. Bí ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní kí ló gbé yín jáde láàárọ̀ yìí? Bó ra búrẹ́dì, á fẹ́ mọ ohun tó mú un wú. Bó ti ṣe rí láti kékeré nìyẹn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Jimoh Kílódé. Àwọn kan tilẹ̀ wà ní àdúgbò tí wọ́n rò pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni Kílódé. Jimoh ò bá wọn jà. Ó kàn bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Yanrìn ló ń wà. Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ló fi ń wà á o. Láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí owó epo ń ya wọlé, gbogbo Èkó ló ń kọ́lé, tó sì ń ṣe afárá, yanrìn tí wọ́n sì fi ń ṣe é, abẹ́ ọ̀sà ló ti ń wá, lọ́wọ́ àwọn bíi Jimoh. Láti etí omi lẹ́yìn Adéníji Adélé ni wọ́n ti ń tukọ̀ lọ síbi tó jìn. Wọ́n á ri ọ̀pá gígùn kan mọ́lẹ̀ nínú omi. Jimoh á mú korobá lọ́wọ́, á gba ara ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn, á bu yanrìn, á tún gba ara rẹ̀ gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni títí ọkọ̀ á fi kún, tí ojú rẹ̀ á sì ti pọ́n bí ojú ẹni tó ń gé àlùbọ́sà.

Ẹnì kan kì í dá wa yanrìn. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dúró lókè nínú ọkọ̀, kó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé ọ̀lẹ ni onítọ̀hún. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa sé èémí. Gẹ́rẹ́ tí ẹni tó ń wa yanrìn bá ti ki orí bọ omi, ẹni tó dúró lókè náà á pa ẹnu dé, kò ní mí mọ́. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ó mọ̀ pé àyà ti ń fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà nìyẹn, á sì mi ọ̀pá jìgìjìgì, pé ó tó, máa bọ̀. Aago ò lè bá wọn ṣe é. Aago ò mọ bó ṣe ń rí lára.

Ohun tó gba ẹ̀mí Lùkúmọ̀n, ẹ̀gbọ́n Jimoh, kò ju pé ẹni tó dúró fún un lókè ń bá àwọn apẹja kan tàkúrọ̀sọ, ó sì ń mí bó ṣe wù ú. Ìgbà tó máa rántí ọ̀pá, kò sí ẹni tó máa gbọ́ mímì rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Jimoh ti sọ pé ọmọ òun kankan ò ní wọ omi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Àbúdù. Ó máa ń gbé e lọ sínú ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ni tirẹ̀. Àbúdù ló ń sé èémí fún bàbá rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Bí Jimoh bá yọ orí jáde nínú omi, ohun tó kọ́kọ́ ń rí ni ọmọ yìí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ọ̀kọ̀, tí ojú rẹ̀ ń yọ síta. Á wá sọ fún un pé, "Mí, ọmọ mi. Mo ti gòkè."

Àbúdù dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó sì wọ Néfì. Ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ bí Jimoh ṣe gbà. Ó ní orí omi ni ọkọ̀ Néfì ń wà, òkè náà sì ni orí omi. Nígbà tí ìjọba wá ń sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi di tuntun, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun ńlá kan ní Jámánì, tí wọ́n sì mú Àbúdù mọ́ àwọn tó máa lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ inú rẹ̀, inú Jimoh dùn ju ti ọmọ náà lọ. Ó ń lọ sí Màrínà lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń wo àwọn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó ń kọjá lọ sí Àpápá, ó sì ń da àwọn sójà ojú omi láàmú. Kí ló dé tí ìbọn yẹn kọjú síbí? Ṣé ọkọ̀ yìí wúwo ju Mọ́ṣáláṣí Jimọ̀ lọ? Kí ló dé tí kò wá rì?

Kọ́lápọ̀ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Kọ́lápọ̀, ó ń tún rédíò ṣe ní Ita Fájì, kò sì sí ìròyìn tí kì í ta sí i létí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún Jimoh pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń ra ọkọ̀ ogun o. Ó ní orílẹ̀-èdè kan wà lọ́nà jíjìn réré, níbi tí oòrùn ti ń yọ, Indonéṣíà lorúkọ rẹ̀, àwọn náà ń ra ọkọ̀ ogun tuntun, wọ́n sì ní kí àwọn Jámánì kan ọkọ̀ abẹ́ omi fún wọn.

Jimoh ní, "Ọkọ̀ kí ni?"

"Ọkọ̀ abẹ́ omi, Bàbá Àbúdù. Á rọra wọ abẹ́ omi, tèèyàntèèyàn, á sì máa rìn níbẹ̀."

"Ó rì nìyẹn."

"Kò rì, sà. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni."

Jimoh jókòó. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń mí? Kọ́lápọ̀ ní wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ kan sì ń fọ èyí tí wọ́n bá ti mí. Jimoh gbọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló wá bi í ní èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: "Ta ló ń sé èémí fún wọn lókè?" Kọ́lápọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jimoh ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

Nígbà tó délé, ó pe Àbúdù jókòó níwájú ìyá rẹ̀, Morufat. Ó ní bí wọ́n bá débẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ tó ń lọ sísàlẹ̀ hàn án, kó sọ pé bàbá òun ò gbà.

Àbúdù ní, "Bàbá mi, àwa ò tiẹ̀ ní irú ẹ̀. Ọkọ̀ orí omi la fẹ́ lọ kọ́."

"Ṣé o ò ní wọ̀ ọ́?"

Ọmọ náà ò lè purọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá rí i, ẹ mọ̀ pé màá fẹ́ mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí."

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Jimoh mọ̀ ọ́n. Ọmọ Kílódé ni, báwo ni kò ṣe ní fẹ́ mọ̀? Ó ní, "Ta ló máa dúró fún ẹ lókè?" Lọ́jọ́ tí ọmọ náà máa lọ, Morufat ṣe àdúà fún un títí ohùn rẹ̀ fi há. Jimoh tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ya ẹnu, àdúà ò jáde. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe kúrò nílé láìgbọ́ àdúà bàbá rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nínú agbo ilé wọn.

Ọkàn Jimoh ò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò yé béèrè. Ìgbà tí Kọ́lápọ̀ ò mọ èyí tó kù mọ́, Jimoh dá a wò fúnra rẹ̀. Ó da ojú korobá dé, ó so òkúta mọ́ ọn, ó fà á wọ omi. Korobá ń bá a jà, ó fẹ́ sá padà sókè, ṣùgbọ́n ó fà á dé ìsàlẹ̀, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó sì mí. Ẹ gbọ́ o, ó mí lábẹ́ ọ̀sà! Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń run ẹja àti ìpẹtà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dára, ó ti gbóná. Ìgbà tó máa gòkè, Ṣéhù tó ń dúró fún un láti ìgbà tí Àbúdù ti wọ Néfì ti mi ọ̀pá títí ó fi fẹ́ kán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù pé Jimoh ti lọ. Ó bú u, kò sì bá a ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Jimoh sáré lọ bá Kọ́lápọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Ó ní òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe, òun ti mí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní bí afẹ́fẹ́ náà bá wá tán ńkọ́, Kọ́lá, tí kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń fún lókè?

Òjò dé, òjò lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá Àbúdù lọ ló wá dé fún ìsinmi, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀, tí Àbúdù gba ohùn ara rẹ̀ sí. Jimoh àti Morufat gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kọ́lápọ̀. Kọ́lápọ̀ ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo títì, ó sì tẹ ẹ̀rọ.

Ohùn Àbúdù jáde. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀, ó kí gbogbo agbo ilé. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Ó ní òun lọ kírun Jimọ̀, ibẹ̀ lòun ti bá àwọn ọmọ Indonéṣíà pàdé, tí wọ́n wá kọ́ nípa ọkọ̀ abẹ́ omi wọn. Ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ẹ̀rín ò jìnnà sí wọn lẹ́nu, ìlú wọn sì dà bíi kí ẹ to ọ̀pọ̀ Èkó sínú òkun. Ibi gbogbo ni omi, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ máa rí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti di ọ̀rẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ náà ló tọrọ àyè fún òun lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, pé kí òun bá wọn jáde nínú ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níṣẹ́.

Ohùn náà ní, "Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Mo wọ̀ ọ́."

Morufat di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú. Kọ́lápọ̀ na ọwọ́ kó pa ẹ̀rọ, Jimoh mi orí fún un pé kó fi sílẹ̀.

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lórí. Ilẹ̀ tí a dúró lé ń rọra tẹ̀ síwájú. Ọ̀rẹ́ mi nàka sílẹ̀, ó ní à ń lọ."

Ohùn dákẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sí ohun tó ń dún níbẹ̀ àfi híhó bíi ti omi nínú ìkòkò. Kọ́lápọ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, ó rò pé ó ti já. Kò tíì já. Morufat wo ojú ọkọ rẹ̀. Jimoh ti pa ẹnu dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ọ̀kọ̀, ojú rẹ̀ ń yọ síta, ó sì ti di etí tábìlì Kọ́lápọ̀ mú bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá. Tábìlì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ìgbà yẹn ni Àbúdù tó padà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bíi pé inú yàrá náà ló wà.

"Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sé e. Ẹ mí, Bàbá mi. Mo ti gòkè."

Jimoh mí. Ó mí tó fi di ẹkún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì níwájú ẹ̀rọ náà, ó sì ṣe àdúà tó há sí i lọ́fun lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kọ́lápọ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló kọ́kọ́ ṣe àmín.