Omi Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Ọjà Akẹ̀sán pé àwọn àna Hajarat lé e jáde níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé ó kọ̀ láti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò lé e. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e sá, ẹsẹ̀ náà ló sì dá ọ̀ràn.

Bútà àlùwàlá ni Hajarat ń tà, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló jogún. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Mùjídàt, ló lọ fẹ́ Ebenezer, dẹ́rẹ́bà ọmọ Aládùúrà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Hajarat fajú ro títí, ó sú u. Nígbà tí ọmọ wá dé lọ́dún 1988, ó ní ọmọ tuntun ò mọ ìjà, ó wọkọ̀.

Ẹ wò ó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin borí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n jókòó, ọ̀tọ̀ làwọn ọkùnrin. Ó rẹ́rìn-ín sínú pé, àṣé bíi tiwa náà ni. Ló bá rí korobá omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù. Kí ni omi tún ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà bí kò ṣe ti àlùwàlá? Ó lóṣòó, ó fi ṣan ẹnu, ó bọ́jú, ó wá bù ú sẹ́sẹ̀ méjèèjì dáadáa.

“Ìyá, omi tí wòlíì gbààwẹ̀ lé lórí lẹ fi ń wẹsẹ̀ yẹn,” obìnrin kan wí. “Òun la fẹ́ fi kan ọmọ lẹ́nu.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tán,” ọkùnrin kan dá sí i, “kí wọ́n lè pe ìrun fún wa.”

Ẹ̀rín ta. Mùjídàt wà nínú, ọmọ láyà rẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Rúùtù, ìyá Ebenezer, ló jáde wá. Ó kúnlẹ̀, ó fi etí ìró funfun rẹ̀ nu ẹsẹ̀ Hajarat.

“Ẹ má dá wọn lóhùn, àna mi. Omi ò tán lódò.”

Ó gbé korobá, ó lọ pọn òmíràn. Kó tó dé, Hajarat ti wọ bàtà, ó ti lọ. Ẹnu èrò ọkọ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ ló ti gbọ́ pé Fọláhànmí ni wọ́n sọ ọmọ. Ọmọ ọ̀hún ti ń rìn báyìí, Rúùtù sì ń ránṣẹ́ pe Hajarat, kò lọ.

Èmi tí mò ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó nu bútà kan títí.

“Ká ní ìyá Ebenezer bú mi ni,” ó ní, “à bá jọ bú ara wa tán, ǹ bá sì ti gbé ọmọ mi pọ̀n. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ló fi nu ẹsẹ̀ mi.”