Pákó Ẹnu Ọ̀nà

Òórùn pákó àtijọ́ tí ikán ti jẹ, tó tún ti mu omi òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í kúrò nímú bọ̀rọ̀. Òun ni mo máa ń rántí tí mo bá gba àdúgbò Town kọjá ní Port Harcourt, níbi tí ilé àwọn oníṣòwò òyìnbó àtijọ́ kan wà lẹ́bàá odò. Ẹnì kan ti rà á, ó fẹ́ sọ ọ́ di ọ́fíìsì tí oníkálukú yóò ti máa háyà yàrá tàbí tábìlì, èmi káfíńtà ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Eliozu ló sì gbé iṣẹ́ pákó ilẹ̀ rẹ̀ fún.

Gbogbo ayálégbé ti kó jáde, àfi màmá aránṣọ kan, ará Okrika, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún téèyàn bá ti wọlé. Lọ́jọ́ tí mo ṣí pákó òkè, mo rí i pé ikán ti jẹ igi ńlá tó gbé e ró dénú, ó sì ti tẹ̀ wálẹ̀ lókè orí ibi tí màmá náà jókòó sí gan-an. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, igi náà dún kẹ̀ẹ̀. Àyà mi já. Mo sáré sọ̀kalẹ̀.

“Mama, abeg comot. This thing fit fall.”

Kò gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. “Na so dem talk for my sister shop. Repair, repair. She comot, dem change padlock.”

Ẹ má bá a wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ẹ̀rọ yẹn ló fi tọ́ ọmọ, ṣọ́ọ̀bù náà sì ni gbogbo oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ń rán aṣọ lọ. Eruku ń já bọ́ sórí aṣọ náà, ó ń fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Igi òkè tún dún. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìyá arúgbó sílẹ̀ sábẹ́ ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo fa àpótí kan, mo jókòó tì í.

“Wetin you dey do?”

“Mama, if e go fall, make e meet two of us.”

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó wo òkè, ó wò mí. “You go bring me come back?”

“I go bring you back.”

A jọ gbé ẹ̀rọ náà jáde.

Mo pààrọ̀ igi náà, mo sì tẹ́ pákó tuntun kárí ilé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, mo bi onílé pé ìgbà wo ni màmá yóò padà. Ó rẹ́rìn-ín. “Leave that mama matter. Lawyer don ask for the place.” Inú bí mi, ojú sì tì mí. Ohun tí màmá ń sá fún náà ló dé bá a, ẹnu tèmi ló sì mú un jáde. Màmá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ òrùlé ẹnì kan ní òdìkejì títì, ó kọjú sí ilé náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń wò. Èmi ló ń wò.

Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń tẹ́ kẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ má bàa ba pákó tuntun jẹ́. Wọ́n kọ́ ilé náà ga sókè nítorí omi, ihò ńlá ló sì wà níbẹ̀ tí à ń fi pákó kan dá afárá lé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé, mo yọ afárá náà, mo gbé pákó tuntun sí èjìká, mo dúró títí onílé fi dé.

“Oga, Mama go enter first.”

“Na you get this house?” Onílé pariwo pé òun máa pe ọlọ́pàá. Mo di pákó èjìká mi mú, mi ò kúrò lẹ́bàá ihò náà. Ọkọ̀ àwọn àlejò ti ń yà wọlé láti títì. Ó wo ọkọ̀, ó wo ihò, ó ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lù mí láyà.

Mo kan pákó náà, mo sì ké sí màmá ní òdìkejì títì. Màmá kọjá lórí rẹ̀ ṣáájú gbogbo àlejò, mo gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Kò dúpẹ́. Ó fẹsẹ̀ tẹ pákó náà wò, ó ní, “E strong,” ó sì wọlé.

Onílé yẹn kò pè mí síṣẹ́ mọ́, ó sì bà mí lórúkọ jẹ́ dé Trans-Amadi. Màmá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dìde níbi tó jókòó sí, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá mo lè dá a padà síbẹ̀.