Ṣúgà Méjìlá Lórí Pẹpẹ Túdà

Iye ọmọ tí Básù bí, ọwọ́ àlejò tó bá gbé ló wà. Àwọn ará Jámánì kan mọ̀ pé ọmọ méjì ló ní, akọ kan, abo kan. Àwọn ará Ítálì tó gbé tẹ̀ lé wọn gbọ́ pé mẹ́rin ni, pé àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ó tilẹ̀ sọ fún tọkọtaya arúgbó kan láti Kánádà pé ọmọbìnrin òun ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, inú wọn sì dùn débi pé wọ́n kọ lẹ́tà kí ọmọ náà kú iṣẹ́. Kò sí ọmọ níbì kankan. Kò sí ìyàwó. Ẹni tó bá ń wa àlejò kiri, wọn yóò bi í nípa ilé rẹ̀ dandan, ẹni tí kò bá sì ní ilé yóò fi ẹnu kọ́ ọ̀kan.

Ẹ má tètè pè é ní òpùrọ́. Ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé e fún obìnrin kan tó ń ta ọbẹ̀ ẹ̀wà ní gáréèjì ìlú Màrákèṣì, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá di bí a ti ń wí yìí. Obìnrin ọlọ́bẹ̀ náà tọ́ ọ bó ṣe mọ̀ ọ́n tọ́, ó sì kú nígbà tí Básù wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà náà, inú ọkọ̀ ló ń gbé. Ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ohun tó lè pè ní tirẹ̀ kò ju báàgì kan lọ àti ìjókòó awakọ̀ tó ti bá ara rẹ̀ mu.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àlejò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú bọ́ọ̀sì kékeré, láti ìlú àtijọ́ Fẹ́ẹ̀sì lọ sí etí aṣálẹ̀, láti aṣálẹ̀ gun àwọn òkè ńlá, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Màrákèṣì. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko. Bó bá já wọn sí pápákọ̀ òfurufú, wọn yóò dì mọ́ ọn, wọn yóò ní àwọn kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ọkọ̀ òfurufú. Ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn àlejò a jẹun nínú ọgbà tí omi ti ń tú jáde láàárín, òun a jẹun lẹ́yìn ilé ìdáná, a sì sùn sí yàrá àwọn awakọ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Básù a kọjú sí ògiri, a díbọ́n pé òun ti sùn. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹni tí kò nílé yóò ṣe sí àjò tirẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ló wà ní ojú ọ̀nà náà tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, ìyẹn ni ilé Túdà ní abúlé Támálù, níbi tí aṣálẹ̀ ti ń parí tí òkè sì bẹ̀rẹ̀. Opó ni Túdà, ihò ìwakùsà ló gbé ọkọ rẹ̀ mì, kò sì bímọ fún un. Ó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti Fádúmà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà. Òun ló máa ń hun rọ́ọ̀gì kí àwọn àlejò wò, òun náà ló máa ń po tíì fún wọn. Kó tó bu tíì fún àlejò kankan, ti Básù ni yóò kọ́kọ́ bù. Ó ní ẹni tó gbé ẹ̀mí èèyàn gba ojú ọ̀nà yẹn, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ nǹkan dídùn wò.

"Awakọ̀, o tún ti rù sí i," yóò wí. "Ṣé yanrìn ni wọ́n fi ń bọ́ yín lọ́hùn-ún ni?"

"Yanrìn ọ̀hún náà, wọn ò fi iyọ̀ sí i."

"Ó dáa, jẹ búrẹ́dì, kó o má baà ṣubú lulẹ̀ ní ilé mi kí wọ́n ní èmi ni mo pa ọ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ láti ilé Túdà títí dé orí òkè, Básù a máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn, a sì máa rẹ́rìn-ín sí gíláàsì ọkọ̀. Ó fẹ́ràn obìnrin náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ni.

Obìnrin ọlọ́bẹ̀ ẹ̀wà ti kọ́ ọ pé a kì í ṣánwọ́ wọlé onílé. Nítorí náà, ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró níbẹ̀, ó ra odidi ṣúgà kan, èyí tí wọ́n mọ ní ṣóńṣó tí wọ́n sì fi bébà aláwọ̀ aró wé, ó gbé e fún Túdà. Túdà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo ẹ̀yìn Básù lọ títí dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀, ó sì gbé ṣúgà náà sórí pẹpẹ. Ṣúgà mìíràn ló fi po tíì ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Básù ń mú ṣúgà lọ, ìgbà tí òdòdó bá kọ́kọ́ yọ àti ìgbà tí ooru bá lọ tán. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣe é. Nígbà gbogbo, Túdà a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a wo ẹ̀yìn rẹ̀, a gbé e sórí pẹpẹ, kò sì fọ́ ọ̀kan rí. Nígbà tó di méjìlá, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lórí pẹpẹ náà, eruku kò sì sí lára ọ̀kankan nínú wọn. Básù kò wo ti eruku. Ohun tó rí kò ju pé obìnrin yìí kò jẹ lọ́wọ́ òun. Egbò tó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré ló tún tú: ó rò pé Túdà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kì í fẹnu kan ohun tó bá ti ọwọ́ ọmọ tí wọn kò mọ bàbá rẹ̀ wá.

Ní ọdún keje, ó ṣánwọ́ wọlé.

Túdà wo ọwọ́ rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bu tíì fún àwọn àlejò, ìgbẹ̀yìn ló bu ti Básù, kò sì sọ pé ó rù. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, Fádúmà ló ń jáde sí wọn. Túdà ń bẹ nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ ìró òfì rẹ̀.

Bàbá Mòhá ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá yìí ló ń da ràkúnmí fún àwọn àlejò ní etí aṣálẹ̀, arúgbó ẹlẹ́nu mímú tó bí ọmọ mẹ́sàn-án ní òótọ́. Ọ̀sán gangan ni, àwọn àlejò ti sùn sábẹ́ àgọ́, àwọn méjèèjì jókòó sí òjìji bọ́ọ̀sì.

"Ṣúgà mélòó lo ní o ti gbé fún un?" Bàbá Mòhá béèrè.

"Méjìlá."

"Kò sì fọ́ ọ̀kan?"

"Kò fọ́ ọ̀kan. Ó sàn kó kúkú fún ewúrẹ́ jẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Básù, àṣé màlúù lásán ni ọ́. Ta ló sọ fún ọ pé àpọ́n máa ń gbé ṣúgà fún opó ní Támálù kí wọ́n lè fi po tíì? Ṣúgà àlejò, ojú rẹ ni wọ́n ti máa fọ́ ọ. Ṣúgà ẹni tó wá tọrọ obìnrin, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, àfi ìgbà tí àgbà bá tẹ̀ lé e wá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fọ́ ọ. Bí wọn ò bá gbà, wọ́n á dá a padà. Ṣé ó dá ọ̀kan padà fún ọ rí?"

"Rárá."

"Hẹn-ẹ́n. Obìnrin ń wo ẹ̀yìn rẹ, ó ń wá àgbà. Ìwọ ń wo pẹpẹ, ò ń ka ṣúgà."

Básù yíjú sí i. "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Kó sọ kí ni? Kó ní, Awakọ̀, jọ̀ọ́ wá fẹ́ mi? Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́, ẹnu tìrẹ ló sì yẹ kó sọ ọ́."

"Mi ò gbé e lọ mọ́ láti ọdún yìí, Bàbá."

"Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Méjìlá ṣì wà lórí pẹpẹ."

"Mi ò ní àgbà. Ta ni mo fẹ́ mú lọ?"

Bàbá Mòhá fa irùngbọ̀n ara rẹ̀. "Èyí tó wà lágbọ̀n mi yìí ńkọ́? Ṣé o rò pé ti òbúkọ ni?"

Wọ́n fi í sí ìgbà òdòdó, nítorí ìrìn-àjò tí Básù wà lórí rẹ̀ yìí ló kẹ́yìn ọdún, kò sì sẹ́ni tó máa bá Bàbá da ràkúnmí lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, yìnyín dí ọ̀nà òkè. Básù lo ìgbà òtútù náà ní Màrákèṣì, ó gba yàrá kan tó ní fèrèsé méjì, ó ra ìkòkò tíì, ó ra ife méjì. Kò ra ju méjì lọ. Lálaalẹ́ ló ń fọ méjèèjì, nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń lò, ẹ lè mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò ní Màrákèṣì.

Nígbà tí ọ̀nà là, àlejò mẹ́fà ló kọ́kọ́ gbé. Màdáámù Òdílì, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì láti Bẹ́ljíọ̀mù, ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ní etí aṣálẹ̀, Bàbá Mòhá wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú jàlábíà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó gbé ṣúgà tuntun sórí itan, ó jókòó síwájú bí ọba. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Màdáámù fi béèrè ohun tí gbogbo wọn ń béèrè.

"Básù, ta ló ń dúró dè ọ́ nílé?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ mẹ́ta ni lọ́jọ́ náà. Ó gbé e mì. "Kò sẹ́nì kankan, Màdáámù. Àmọ́ mo ń lọ tọrọ ìyàwó lónìí. Ilé tí a ti máa mu tíì, ibẹ̀ ló wà. Bàbá yìí ló máa bá mi sọ̀rọ̀."

Màdáámù sọ fún àwọn yòókù, ariwo ayọ̀ sì sọ nínú ọkọ̀. Ọkùnrin kan bọ́ síwájú láti so áńkáṣíìfù rẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni bá Básù yọ̀ sí ohun tó jẹ́ òótọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí sítíárìn.

Ní Támálù, Fádúmà ló jáde. Wọn kò gbọ́ ìró òfì. Ó rí irùngbọ̀n Bàbá Mòhá, ó rí ṣúgà, ó sì fi etí gèlè bo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ pẹ́ jù."

"Báwo la ṣe pẹ́ tó?"

"Oṣù kan. Ọkọ mi ní àbúrò òun ti ṣe opó tó. Oníṣòwò èso déètì kan láti àfonífojì ìsàlẹ̀ ló mú un lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun ní èsì tí òun ń dúró dè." Fádúmà yíjú sí Básù. "Lẹ́yìn náà lo wá, o ṣánwọ́. O tún padà wá, o ṣánwọ́."

Ó wọlé, ó sì gbé àpò kan jáde. "Ó ní kí n dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n."

Bàbá Mòhá tú ẹnu àpò náà, ó fi ìka ka àwọn ṣúgà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mọ́kànlá ló wà níbí."

"Ọ̀kan ti fọ́," Fádúmà wí. "Ọjọ́ tí àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi òòlù fọ́ ọ. Ó po tíì, ó bu ife méjì. Ó mu ọ̀kan, ó jókòó ti ìkejì títí tó fi tutù. Mo bi í pé ta ló fẹ́ mu ún. Ó ní òun ń dá ẹnì kan lóhùn ni."

Bàbá Mòhá di ẹnu àpò náà padà. Àwọn àlejò ti mu tíì tán, wọ́n ń fọwọ́ pa rọ́ọ̀gì tó wà lára òfì, èyí tí Túdà kò hun parí. Básù gbé àpò náà lọ sínú bọ́ọ̀sì, ó gbé e sábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó jókòó, ó sì dúró títí gbogbo wọn fi wọlé. Ó ní kí wọ́n so bẹ́líìtì wọn.

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àwọn àlejò ń wo ojú rẹ̀ nínú gíláàsì, wọn kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ló wà níbẹ̀ tàbí ìbànújẹ́. Níkẹyìn, Màdáámù Òdílì tẹ̀ síwájú, ó rọra gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Básù, ṣé ó gbà?"

Básù yí sítíárìn gba kọ́nà kan kọjá, ó tún gba òmíràn. Ó ti parọ́ fún àlejò fún ogún ọdún, kò sì fẹ́ pa á lọ́jọ́ náà.

"Ó gbà, Màdáámù," ó wí. "Ó ti gbà."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí tí ọkọ̀ fi ń mì, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ orin ní ẹ̀yìn. Bàbá Mòhá, tí èdè Faransé rẹ̀ kò ju ẹ káàárọ̀ lọ, wo ẹ̀yìn, ó wo Básù.

"Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

"Wọ́n ní òkè yìí rẹwà, Bàbá," ni Básù dáhùn, ó sì tan iná ọkọ̀, nítorí kùrukùru ti ń bo ọ̀nà.