Wendell Krantz, Ẹni Tó Gbé Bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá dé Alder Falls, ìlú wa, ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń padà wá kí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ohùn Wendell Krantz lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìlú míràn ló ń gbé, ó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún tí èmi àtiẹ̀ ti jáde, kò pa ọ̀kan jẹ rí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dé, súwẹ́tà tí wọ́n rán lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan, mọ́ láyà á wà lọ́rùn rẹ̀, ikùn á ti sún un sókè.

Ilé àwọn ọmọkùnrin tá a jọ gbé láyé ọjọ́un ló máa ń wọ̀ sí. Á lé wọn kúrò lórí àga tó dáa, á ní kí àwọn ọmọ ọdún kìíní kúnlẹ̀ kọ orin ilé-ẹ̀kọ́ fóun, ẹni tó bá ṣì í kọ á tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ti tó bàbá wọn.

Lẹ́yìn orin, ìtàn ló kàn. Lọ́dún tá a fẹ́ jáde, ilé-ẹ̀kọ́ wa na kọ́lẹ́ẹ̀jì Ashbourne nínú òjò, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Nígbà tí eré fẹ́ parí, ẹnì kan já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì sá la ẹrẹ̀ já dé òpin pápá. Nígbà tí Wendell kọ́kọ́ ń sọ ọ́, "a sáré" ló ń wí. Nígbà tó yá, ó di "mo sáré". Emmett Lindqvist tó sáré gan-an ti lọ dáko sí òkè àríwá, kò sì padà wá rí. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì nílùú yìí, mi ò ráyè bá alágbárí jiyàn.

Ní 1951, kọ́lẹ́ẹ̀jì pe gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn padà kí wọ́n lè yẹ́ wọn sí. Lindqvist wá, pẹ̀lú kóòtù tó jọ èyí tó ń wọ̀ lọ sin òkú.

Nígbà ìsinmi àárín eré bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, àwọn onífèrè kúrò lórí pápá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wendell àti Bernice ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú mi. Orúkọ tán, kò gbọ́ tirẹ̀, ó bá dìde. Bernice di apá rẹ̀ mú.

"Wendell, wọn ò pè ẹ́."

"Wọ́n gbàgbé ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ tò sórí ìlà. Lindqvist ló wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń wá ohun tó máa sọ. Bó ṣe rí Wendell, ojú rẹ̀ tàn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Krantz rèé. Òun ló máa ń gbé omi wá fún wa. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé omi títí ọwọ́ ẹ̀ fi kú nínú òtútù. Inú mi dùn gan-an pé wọ́n rántí ẹ."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé wa kígbe láti òkè pé, "Ẹ̀gbọ́n Krantz, òùngbẹ ń gbẹ wá o!" Ẹ̀rín bá sọ.

Ẹni tó bá ní làákàyè á rẹ́rìn-ín, á bọ Lindqvist lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ omi yẹn. Wendell já gbohùngbohùn gbà. Ó ní Lindqvist ò fi àwàdà ṣeré láti kékeré, ó ní gbogbo ayé mọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Lindqvist wò ó, kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Bernice sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà fún ìyàwó mi. Ó ní òun sọ fún Wendell pé, "Èmi ni mo fọwọ́ mi rán lẹ́tà yẹn mọ́ súwẹ́tà ẹ. O ní wọ́n jí tìẹ lọ ni, mo sì gbà ẹ́ gbọ́." Wendell bi í bóyá páì elégédé ṣì kù nínú apẹ̀rẹ̀.

A rò pé ìtìjú ò ní jẹ́ kó wá mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo ń kọjá níwájú ilé àwọn ọmọkùnrin nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ tuntun pé nígbà tóun gbé omi dé ọ̀dọ̀ Lindqvist, òun sọ fún un létí pé kó gba ọwọ́ òsì sáré. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bernice kò bá a wá.