Ojú Kẹrin Lábẹ́ Èkù Ọbẹ

Bàbá mi kò tíì pé ogójì ọjọ́ nínú ilẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fi wá bá mi nílé wa ní Attécoubé pé òun fẹ́ gbé owú olóògbé lọ. Owú yẹn ni irin ńlá tí a ń gbé irin gbígbóná lé lórí lù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti gbé e wá, òun ló sì fi tọ́ gbogbo wa. Bàbá kékeré ní ọmọkùnrin òun ni yóò máa lò ó. Ó ní níbo ni mo ti rí obìnrin tó ń rọ irin rí?

Mo ní, "Ẹ ṣáà ń wò ó yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹwìrì nìkan ni mo lè fi fẹ́ná, pé ẹni tó fẹ́ná kọ́ ló rọ ọbẹ. Inú bí mi gan-an.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin gbáko ni apá ọ̀tún bàbá mi fi rọ kó tó kú. Kò lè gbé ọmọ owú mọ́. Ẹ̀yìn ilé ni a ti ń rọ irin, èmi ni mo ń lù ú níbẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, bàbá mi á jókòó síwájú ilé níbi tí a pàtẹ ọbẹ sí, àwọn oníbàárà á máa yìn ín. "Numu, ọwọ́ yín ṣì dá ṣáká!" Numu ni àwọn Jùlá ń pe alágbẹ̀dẹ. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní sọ pé ọwọ́ èmi ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó dùn mí wọra.

Ojú kéékèèké mẹ́ta, bí ihò abẹ́rẹ́, ni àmì bàbá mi, tí a máa ń fi irin ṣóńṣó tẹ̀ sára ọbẹ nítòsí èkù. Nígbà tí ọbẹ di tèmi láti rọ, ó ní kí n máa tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ. Mo bi í pé tèmi ńkọ́? Ó yí ọbẹ náà wò. Ó wá ní, "Tẹ tìrẹ síbi tí èkù máa bò." Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe sí gbogbo ọbẹ tó ti ọwọ́ mi jáde.

Kó tó kú, obìnrin kan ti wá láti Niangon. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ collège ní histoire, ìtàn ìgbà àtijọ́. Ará Kétu ni àwọn òbí rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ kò sì já gaara. Ó fi àwòrán hàn wá nínú fóònù. "Tàtí, idà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni, wọ́n ń pè é ní kopis. Mo fẹ́ kí àwọn élèves mi fọwọ́ kàn án." Idà olójú kan ni. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, orí rẹ̀ sì wúwo ju ìdí lọ. Ó ní àwọn ẹlẹ́ṣin ló ń fi í ṣá ọ̀tá láti òkè, àti pé irú ọbẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pa àgbò lọ́jọ́ ọdún wọn. Bàbá mi ní, "Háà, àwọn náà ń ṣe Iléyá!" A rẹ́rìn-ín títí. Kí irin idà náà tó wọná, bàbá mi ti kú.

Nígbà tí obìnrin náà padà wá, Bàbá kékeré wà níbẹ̀. Ó ní òun ni yóò rọ idà náà, kí n wo ọwọ́ àgbà. Ó mú irin tí wọ́n yọ lábẹ́ gbaka, ọkọ̀ akérò àtijọ́ kan, ó lù ú, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àmọ́ àdá tiwa, ibi tó bá yọkùn ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ibẹ̀ náà ló pọ́n. Obìnrin náà wò ó, ó mi orí.

"Non, Bàbá. Inú ibi tó tẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà."

"Inú kẹ̀? Ṣé orí àwọn Gíríìsì yín yìí pé?"

Mo kọjú sí iná. Mo lu irin mìíràn, mo lu orí rẹ̀ lójú kan náà ṣáá kó lè fẹ̀. Bàbá kékeré ní ṣé mo fẹ́ fọ́ ọ ni? Mo ní, "Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Ọjọ́ kẹta ló parí, ojú rẹ̀ wà nínú ibi tó tẹ̀. Mo gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ró lágbàlá, mo ṣá a lẹ́ẹ̀kan péré. Ó já sí méjì. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ ò bá rí ojú Bàbá kékeré. Ó ní eré ọmọdé ni idà òyìnbó. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti mú ọbẹ àgbò rẹ̀ wá kí n bá òun pọ́n ọn. Ó nà án sí mi. "Wo èyí. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fi í pa àgbò. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹni tó rọ èyí ló ni owú, kì í ṣe ìwọ. Bí ọbẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Mo ní, "Kò lè gbẹ́ ẹ. Àmọ́ èmi lè là á."

Mo gba ọbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé owú, mo fi ọmọ owú gbá èkù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó là. Mo dá a padà fún un. Ó ka àmì náà ní Faransé bó ṣe ń ka ọjà rẹ̀ ní Treichville. "Un, deux, trois." Ó rí ìkẹrin nísàlẹ̀, níbi tí igi ti bò ó. Kò kà á. Mo ní, "Tèmi nìyẹn, láti ìgbà tí apá ẹ̀gbọ́n yín ti rọ."

Mo ní kó bá mi di idà Gíríìsì mú. Ó dì í mú. Nídìí rẹ̀, níbi tí mi ò rì bomi, tí irin ṣì rọ̀, mo tẹ ojú mẹ́rin síta gbangba. Obìnrin náà béèrè pé ti ta ni àmì náà.

Bàbá kékeré ló dáhùn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mẹ́ta jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìkẹrin ni ti ọmọ rẹ̀ yìí."

Mo ní, "Bàbá kékeré, ẹ sọ ọ́ sókè. Àwọn ará ilé ò gbọ́."