Igbá tó Wà Lábẹ́ Ẹní

Mo rántí orúkọ gbogbo wọn. Ọkùnrin mẹ́rin tó fi ọ̀pá gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó, mo lè pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì pe ìyá tó bí wọn. Mo rántí orúkọ obìnrin tó fún wa lómi mu nígbà tí a kọjá Odò-Ọwá, mo sì rántí orúkọ ajá rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Ẹni tó bá kà á dópin yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Mo ti bímọ mẹ́ta kí katikíìsì tó kó àwa ìyàwó ilé jọ sábẹ́ igi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń kọ́ wa ní á, bí, dí. Èyí tí mo mọ̀ náà ni mo fi ń kọ eléyìí.

Ìyálé mi kú ní oṣù tó kọjá. Ọkọ kan ló fẹ́ àwa méjèèjì. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ilé náà ní Ìlọ́fà kí wọ́n tó mú mi wá láti Òkè-Ọ̀pin. Kò pe orúkọ mi sí mi létí rí. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí, títí irun àwa méjèèjì fi funfun. Ọkọ wa ti kú tipẹ́. Nígbà tí òun kú, mo sunkún, mo sì dákẹ́. Ti ìyálé mi yìí, n kò tíì mọ bí mo ṣe máa dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi àwọn ọmọ wa la ọ̀nà. Kókó kan yọ sínú ọmú mi, ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Kò tóbi ju èso iyeyè lọ, kò sì dùn mí. Kí ọdún tó yípo, ó ti fa orí ọmú wọlé bí ìdodo. Kò sí ewé tí a kò lọ̀ lé e. Katikíìsì ló wò ó tó ní jẹjẹrẹ ni, pé dókítà òyìnbó kan wà nílé ìwòsàn ìjọ, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, tó máa ń gé e. Wọ́n so aṣọ òfì mọ́ ọ̀pá, wọ́n tẹ́ mi sínú rẹ̀. Ìyálé mi ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Aṣọ kékeré kan ni wọ́n dà bò mí nímú. Òórùn rẹ̀ dùn bí èso tó ti pọ́n jù. Nígbà tí mo jí, ẹ̀gbẹ́ òsì mi ti fúyẹ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì mí láyà dé abẹ́ abíyá. Mo gbọ́ ohùn ìyálé mi lẹ́nu ọ̀nà, òun àti ọkùnrin tó ń bá dókítà di egbò.

"Níbo lẹ gbé e sí?"

"Kí ni, ìyá?"

"Ọmú ìyàwó mi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní inú iná ni àwọn máa ń sọ irú ẹ̀ sí.

"Iná kẹ̀? Ṣé ẹtu ni? Bí mo bá délé tí wọ́n ní èyí tó kù dà, kí n ní ẹ ti sun ún jẹ?"

Ìgbà tí ọkùnrin náà rí i pé ìyálé mi kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó pe dókítà. Dókítà wò ó títí, ó wọlé, ó sì gbé ọmú náà jáde nínú aṣọ. Ìyálé mi fi iyọ̀ pa á, ó dé e mọ́ inú igbá tuntun, ó ru igbá náà, ó sì forí lé ọ̀nà ilé lọ́jọ́ kejì. Ní ilé ọkọ wa, ohun tó bá kúrò lára ènìyàn, ì báà ṣe ọmọ-ìka, ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń sin ín sí, kí olúwa rẹ̀ má baà máa wá a kiri lọ́jọ́ tó bá kú. Wọn a sì sọ fún ilẹ̀ ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ kẹrin tó lọ, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní nílé ìwòsàn, oòrùn wà láàrin orí. Ohun tútù kan bo ọmú òsì mi. Kì í ṣe ojú egbò ni mo ń wí. Ọmú náà gan-an ni, èyí tí kò sí lára mi mọ́. Òtútù náà dé, ìwúwo tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi gìgísẹ̀ ki erùpẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Mo jẹ́ ẹ.

Obìnrin tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin, yíjú sí mi. "Ta lò ń dá lóhùn?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó fa ẹní rẹ̀ sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo lo oṣù kan àti àbọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Dókítà ní iṣẹ́ òun kò tíì parí. Àwọn ọmọ kókó kéékèèké ṣì wà lábíyá. Òun yóò gé wọn, òun yóò sì fi irin gbígbóná jó ojú ibẹ̀ kí wọ́n má baà hù mọ́. Ṣùgbọ́n egbò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jiná ná. Kí n máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́. Kí n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀wà. Olórí gbogbo rẹ̀, kí n máa na ọwọ́ òsì sókè lára ògiri lójoojúmọ́, nítorí bí ọwọ́ kò bá lè kọjá orí, òun kò ní rí abíyá náà gé. Kí n padà kí òjò tó kún odò. Ó fi ọwọ́ hàn mí bí yóò ti rí tí n kò bá wá: ó fi ìka rìn láti abíyá lọ sí ọrùn, láti ọrùn lọ sí àyà.

Ọjọ́ tí mo wọ ilé, àwọn obìnrin agboolé jáde wá kí mi. Wọn kò kí mi kú ewu. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o" ni wọ́n ń wí, bí ìgbà tí ènìyàn kú.

Ìyálé mi gbójú mọ́ wọn. "Ta ló kú? Ẹni tí ẹ ń kí rèé, iyán ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìn odi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sún mọ́ mi nínú wọn.

Inú yàrá mi ni wọ́n sin igbá náà sí, níbi orí ibùsùn, nídìí ògiri. Ìyálé mi ti ki ilẹ̀ náà, ó ti fi ìgbẹ́ màlúù pa á, ó sì ti tẹ́ ẹní lé e. Mo bi í pé ìgbà wo ló sin ín. Ó ní ọjọ́ tí òun délé, ní ọ̀sán gangan. Mo bi í bóyá ó pe orúkọ mi. 

"Mo pè é fún ilẹ̀. Kí ni ṣe?"

N kò sọ fún un nígbà náà.

Ṣùgbọ́n a kò pẹ́ mọ̀. Ọmú náà bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo họ àyà títí egbò fẹ́rẹ̀ẹ́ là, kò dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ilẹ̀ lábẹ́ ẹní, mo họ ọ́, ó sì dá lójijì. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ni mo ń họ. Bí ewúrẹ́ bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń mọ̀ láti ìdí ààrò. Mo sọ fún ìyálé mi, kò gbà á gbọ́. Ó ní kí n jókòó sí gbàgede, kí n kọjú sí ọ̀nà.

"Ṣé mo ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí?" ló ké láti inú yàrá.

"Rárá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò, ó ń dùn mí."

Kò tún bi mí mọ́. Ó jáde, ó jókòó tì mí, ó ń fi etí aṣọ nu gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ọwọ́, ìyálé mi ló ń fi èédú sàmì sára ògiri lójoojúmọ́, ibi tí ìka mi bá dé. Àmì àkọ́kọ́ bá ìgbọ̀nwọ́ mi dọ́gba. Ó gòkè dé èjìká, ó gòkè dé etí, ó sì dúró. Fún ọjọ́ mọ́kànlá, orí àmì kan ṣoṣo ni ìka mi ń dúró sí. Kì í ṣe ìrora ló dá a dúró. Ó dà bí ẹni pé okùn kan wà láti abíyá mi lọ sínú ilẹ̀ náà, tí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú. Kókó abíyá ti ń tóbi. Ìkùukùu ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wa, tó jẹ́ olórí ilé, ránṣẹ́ pè wá. Ọkọ wa jókòó, ó ń fi ọ̀bẹ ha àtàǹpàkò rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́ pé o tún fẹ́ lọ gé òmíràn," ni olórí ilé wí fún mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Dókítà ní bí n kò bá lọ, yóò pa mí."

"Ilẹ̀ ilé yìí ti gbọ́ orúkọ rẹ, ó sì ti gba díẹ̀ lára rẹ. Bí o bá gbé èkejì wá, orúkọ kan náà la óò tún pè. Ta ló ń sin ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ má bèèrè ìyókù? Bí o bá sì fi èkejì sílẹ̀ lọ́hùn-ún, èyí tó wà níbí yóò máa wá a. Kò sí ọmọ ilé yìí tí yóò fi èjìká rẹ̀ sábẹ́ ọ̀pá."

Katikíìsì wá, ó ní ilẹ̀ kò létí. Olórí ilé dá a lóhùn pé bí kò bá létí, kí katikíìsì gbé mi lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ katikíìsì kúrú ju èkejì lọ. Èmi náà kò lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ibà ń mú mi. N kò sì lè sọ fún katikíìsì pé irọ́ ni bàbá ń pa, èmi tí mo ń mọ̀ bí ewúrẹ́ bá tẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilé ti lọ sóko. Ìyálé mi wọ yàrá mi, ó ní kí n jókòó sórí àpótí, kí n má sọ̀rọ̀. Ó ká ẹní. Ó gbálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu kan ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ mumi lódò. Ó pe orúkọ mi, ó ní kì í ṣe èmi ni mo ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà. Ó pe orúkọ tirẹ̀, ó pe ti ìyá tó bí i, ó ní, "Èmi ló ni ín. Èmi ni mo rù ú wá. Èmi ni kí o mọ̀."

Ó dìde, erùpẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

"Na ọwọ́."

Mo fi ìka gun ògiri. Ó kọjá àmì etí, ó kọjá orí mi, títí mo fi dìde dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ìyálé mi fi èédú sàmì síbẹ̀. 

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá olórí ilé. Ó ní ohun tó wà nínú ilẹ̀ yẹn, tòun ni, òun ti sọ ọ́. Pé òun ló fi ọwọ́ òun sin ín, ta ni yóò bá òun jiyàn? Olórí ilé wò ó.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?"

"Ẹ̀yin ẹ wá ọkùnrin mẹ́rin, bàbá. Òjò ò ní dúró dè wá."

A lọ. Dókítà gé e, ó sì jó o. Èyí tó gé lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìyálé mi kò bèèrè rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ síná. N kò ní sọ ti irin gbígbóná náà. Ẹran ara mi ṣì ń rántí rẹ̀ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n mo sàn. Mo tún bímọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ọmú kan ṣoṣo wò wọ́n dàgbà. Ilẹ̀ yàrá náà kò yún mi mọ́. Ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀, n kì í mọ̀.

Ìyálé mi ni mo bá níbẹ̀ lọ́sàn-án kan, bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ti ká etí ẹní, ó ń fi ìka họ ilẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó da ẹní padà.

"Èèrà ni, ìyàwó mi."

N kò rí èèrà kankan. Mo lọ sídìí ààrò. Àwa méjèèjì kò sọ ọ́ mọ́ fún gbogbo ọdún tí a tún fi jọ gbé. Kò ṣàìsàn ọmú, ẹ má rò ó. Ogbó ló pa á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà lórí ibùsùn ní yàrá tirẹ̀, tí kò lè gbé orí sókè, tí mo ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ. Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọwọ́ ọ̀tún, mo rí erùpẹ̀ pupa lábẹ́ èékánná rẹ̀ márààrún, ó sì tutù. Mo fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, n kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ìjọba ti ní kí a má sin òkú sínú ilé mọ́. Ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì la gbé e lọ, lẹ́yìn ìlú. Igbá náà wà níbí, orúkọ ìyálé mi sì wà nínú ilẹ̀ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo ti ń gbọ́ ọ, ní ọ̀sán nígbà tí ilé bá dá: ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ wá láti ẹnu ọ̀nà, tó dúró nídìí ẹní, tó ń wá nǹkan. Ó ń wá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí mi.

Láàárọ̀ yìí mo ká ẹní. Mo gbálẹ̀. Orúnkún mi kò fẹ́ kúnlẹ̀ mọ́, mo fi ìgbáròkó balẹ̀, mo sì fi ẹnu kan ilẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí n kò ní kọ síbí kí ẹlòmíràn má baà kà á sókè nínú ilé yìí. Mo ní kì í ṣe òun ló ni ín, kí ilẹ̀ jẹ́ kó lọ sinmi. Lẹ́yìn náà mo pe tèmi.

Ẹsẹ̀ náà kò wá lónìí. Ilé dákẹ́. Ọmú òsì mi ń yún mi láti ìgbà náà, bó ṣe ń yún mi nígbà ọ̀dọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ ẹní.