Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tó Dààmú Elijah Mákindé

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Elijah Mákindé ní Ìpótì títí dòní, ọ̀rọ̀ imú àlùfáà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Àlùfáà àgbà kan wá láti Èkó, ó ń wàásù níbi ìkórè, Bàbá Elijah sì ni ògbufọ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Àlùfáà fa aṣọ ìnujú yọ, ó tọrọ gáfárà lédè Gẹ̀ẹ́sì pé imú òun ń “run”. Bàbá Elijah na ọrùn, ó ké tantan pé, “Imú mi ń sáré.” Gbogbo ìjọ wo imú àlùfáà, wọ́n wo ti ògbufọ̀. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Níbo ló ń lọ?”

Eunice, ọmọ Bàbá Elijah, tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé girama kan n'Ìjerò, fi ìwé orin bojú. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, “Bàámi, kì í ṣe gbogbo ‘run’ ló jẹ́ sáré.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn tó ni èdè wọn ni, sà.”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n ni.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ti jẹ́ kó sinmi. Ní gáréèjì Ìjerò, awakọ̀ takisí kan fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ́ńjìnnì òun ń “run” dáadáa. Bàbá Elijah yí ọkọ̀ náà po, ó ní, “Ọkọ̀ tó dúró gbagidi yìí, ibo ló ti ń sáré?” Wọ́n jiyàn náà títí ẹ́ńjìnnì fi kú. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tì í. Bàbá Elijah ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Ṣé ẹ rí i pé àwa gan-an là ń ‘run’?”

Nígbà tí ìbò sún mọ́lé, olóṣèlú kan wá sọ fún un pé òun fẹ́ “run” fún ipò káńsẹ́lọ̀. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ikùn, ojú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. “Má sáré o, ọmọ mi,” ló wí. “Rọra máa rìn.”

Níkẹyìn, ó kéde pé òun ti mọ orísun ọ̀rọ̀ náà: ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtì ni òyìnbó ti gbé e. “Ohun tí àwọn Ọ̀yọ́ ń pè ní ìrìn, ùrìn làwa ń pè é. Òyìnbó ò ní sùúrù. Ó gé e kúrú, ó sì ń fi í sáré.” Eunice rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọkùnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kòkó láti kékeré di ẹni tí Rebecca, ìyàwó rẹ̀, ń gbé jókòó sójú fèrèsé. Nígbà tí Eunice délé lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ̀ fà á wọ ilé ìdáná.

“Mo ní òjò ń bọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní òjò ò ní í rọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Eunice, bàbá ẹ ti ń lọ.”

Eunice jókòó ti bàbá rẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. “Bàámi, mo wá orísun ọ̀rọ̀ yẹn. Kí òyìnbó tó máa pè é ní ‘run’, ‘rinnan’ làwọn ará àtijọ́ wọn ń pè é.”

Ojú Bàbá yí padà sí i. “Rìn kí ni?”

“Rinnan, sà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ́rìn-ín. “Mo sọ fún ọ.”

Eunice mọ ìyókù: pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá òyìnbó fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, pé àwọn ará Jámánì ní èyí tó jọ ọ́, pé wọ́n ń lò ó fún omi tó ń ṣàn náà, àti pé kò sí ìkankan nínú wọn tó gba Ìpótì kọjá. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, tó dúró tó ń gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀. Eunice pa fóònù.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ẹ sọ fún mi.”

“O ń fi mí rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.”

“Ẹ má bínú, sà.”

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní ọbẹ̀ ò níyọ̀. Rebecca dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó tún jiyàn fún ìgbà díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé ló kú lójú oorun.

Níbi ìsìnkú, Gbọ́láhàn, ọ̀dọ́kùnrin tí ìjọ fi rọ́pò rẹ̀, ló túmọ̀ ìwàásù. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ́, Yorùbá rẹ̀ já gaara, kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìjọ dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Rebecca fara ti ọmọ rẹ̀. “Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ó mọ̀ ọ́n ṣe, Màámi.”

Ìyá àgbà tó béèrè ibi tí imú àlùfáà ń lọ lọ́jọ́sí gbọ́ wọn, ó nu ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n kò dùn.”